Wide receiver wo ni ká mú? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fantasy bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ àgbà nínú fantasy Premier League, eré tí ẹni ti ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá sì ń di àmì fún un. Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lo wildcard, wọ́n mọ ẹni tó yẹ kó jẹ́ káápútẹ́nì. Àmọ́ tí wọ́n bá dé orí NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, orúkọ tó ń dún létí ni wọ́n máa ń mú. Ipò kan ṣoṣo ni mo gbé ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí lé, ìyẹn wide receiver, torí ibẹ̀ ni orúkọ ti ń tan ènìyàn jẹ jù.

Kí ni wide receiver ń ṣe gan-an, báwo ló sì ṣe ń mú àmì wá?

Receiver á sáré gba ipa ọ̀nà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti yà fún un, á wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á sì hán bọ́ọ̀lù tí quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, bá jù sí i. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì, yáàdì 10 tó bá gbà ń mú àmì 1 wá, touchdown kan, ìyẹn kó gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ẹgbẹ́ kejì, sì jẹ́ àmì 6. Ibi tí líìgì ti yàtọ̀ síra ni bọ́ọ̀lù tó hán. PPR ń fún un ní àmì 1 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, half-PPR ń fún un ní ààbọ̀, standard kò fún un ní nǹkan kan.

Ẹ wo Ja'Marr Chase ti Cincinnati Bengals ní sáà 2024. Ó hán bọ́ọ̀lù 127, ó gba yáàdì 1,708 àti touchdown 17, òun ló sì gba ipò kìíní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbogbo NFL. Nínú PPR, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ jẹ́ àmì 399.8. Nínú standard, 272.8 ni. Nítorí àlàfo yìí, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé "ta ni kí n mú" láì kọ́kọ́ sọ irú líìgì tó wà. Nínú PPR, receiver tó ń hán bọ́ọ̀lù kéékèèké ní tòsí, tó ń kó 90 jọ lọ́dún, níye lórí ju ẹni tó ń sáré lọ jìnnà tó ń hán 50, bí yáàdì wọn tilẹ̀ dọ́gba. Nínú standard, ìyàtọ̀ yẹn kò sí mọ́.

Nínú gbogbo ìṣirò tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Target. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni iye ìgbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí receiver kan, bó hán an, bí kò hán an. Receiver kò lè ju bọ́ọ̀lù sí ara rẹ̀. Bó ti wù kó mọ eré sá tó, bí quarterback kò bá wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, òfo ni.

Ìtàn tí mo máa ń fi yé àwọn ènìyàn ni ti Stefon Diggs. Ní sáà 2019, Minnesota Vikings ló wà. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ràn kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù sáré, target 94 péré ló sì kan Diggs. Ó hán 63, ó gba yáàdì 1,130. Ní oṣù Kẹta 2020, Vikings tà á fún Buffalo Bills, níbi tí Josh Allen ti ń wá ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí. Ní sáà yẹn, target rẹ̀ di 166. Ó hán 127, ó gba yáàdì 1,535, kò sì sẹ́ni tó jù ú lọ nínú méjèèjì ní gbogbo NFL. Diggs kan náà ni. Ilé tó wà ló yí padà.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà nìyí. Lára ohun tí Bills fi gba Diggs ni àyè láti mú ẹni kejìlélógún nínú draft NFL ti 2020, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń mú àwọn ọmọ tuntun láti yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Justin Jefferson ni Vikings fi àyè yẹn mú. Ó bọ́ sí ipò tí Diggs fi sílẹ̀, ó sì hán bọ́ọ̀lù 88 fún yáàdì 1,400 ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá receiver tí yóò yọ lójijì ní sáà tó ń bọ̀, kó kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ tí receiver ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó wá béèrè pé ọwọ́ ta ni target yẹn máa bọ́ sí.

Ẹgbẹ́ NFL kan sábà máa ń ju bọ́ọ̀lù bí 500 sí 600 lọ́dún. Ẹni tí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bá ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ mú un láì ṣiyèméjì púpọ̀. Cooper Kupp gba target 191 ní 2021, ó hán 145 nínú rẹ̀ fún yáàdì 1,947 àti touchdown 16. Kì í ṣe gbogbo ọdún là ń rí irú rẹ̀, àmọ́ ẹ kíyè sí i pé target ló kọ́kọ́ wá, kí yáàdì tó tẹ̀ lé e.

Touchdown ńkọ́? Ṣebí òun ló ń mú àmì 6 wá?

Òun ni, ó sì dùn mọ́ni nínú. Àmọ́ kì í dúró sójú kan.

Calvin Johnson ti Detroit Lions ni ẹ̀rí mi. Ní 2011, ó gba yáàdì 1,681 àti touchdown 16. Ní 2012, ó gba yáàdì 1,964, ó fọ́ àkọsílẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ Jerry Rice láti 1995. Ṣùgbọ́n touchdown rẹ̀ já sí 5. Nínú standard, àmì tó fi bọ́ọ̀lù híhán kó jọ bọ́ láti 264.1 sí 226.4, ní ọdún tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó wo touchdown 5 yẹn tí wọ́n ní ó ti ń rẹ̀ ẹ́ pàdánù, torí ní 2013 ó gba 12.

Òdìkejì rẹ̀ ni Nelson Agholor, tí wọ́n bí sí Èkó. Ní 2020, ó wà pẹ̀lú Las Vegas Raiders. Bọ́ọ̀lù 48 péré ló hán, 8 nínú rẹ̀ sì di touchdown, ìyẹn ẹyọ kan nínú mẹ́fà-mẹ́fà. Ó gba yáàdì 896. Ẹni tó fi ojú touchdown nìkan wò ó á rò pé ìràwọ̀ tuntun ti yọ. Bọ́ọ̀lù 48 kò lè máa bí touchdown 8 lọ́dọọdún. Ó lọ sí New England Patriots ní 2021, ó hán 37, ó gba yáàdì 473 àti touchdown 3.

Èmi, tí mo bá rí ẹni tí target rẹ̀ pọ̀ tí touchdown rẹ̀ sì kéré, mo máa ń mú un. Tí touchdown bá pọ̀ lórí target táṣẹ́rẹ́, mo máa ń fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn tí òfin yìí kò mú ni àwọn ẹni gíga tí wọ́n máa ń wá kiri nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti wọ yáàdì 20 tó kẹ́yìn, bí Mike Evans ṣe ṣe é fún Tampa Bay Buccaneers lọ́dún lẹ́yìn ọdún. Fún irú wọn, target inú yáàdì 20 yẹn ni kí ẹ wò. Ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì Pro Football Reference ní in, ọ̀fẹ́ ni.

Quarterback tuntun ti dé sí ẹgbẹ́ receiver mi. Ṣé kí n sá?

Ẹ má tíì sá. Ní 2015, quarterback mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ju bọ́ọ̀lù fún Houston Texans, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ayé ń pọ́n lé. DeAndre Hopkins ṣì hán 111 fún yáàdì 1,521 àti touchdown 11, torí òun ni gbogbo wọn ń wò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi owó ńlá gba Brock Osweiler láti Denver. Ẹni kan ṣoṣo, owó gọbọi, ìrètí ńlá. Hopkins já sí 78, yáàdì 954, touchdown 4.

Orúkọ quarterback nìkan kò tó. Ohun tí mo máa ń béèrè ni bóyá ó máa ń ju bọ́ọ̀lù sí irú ibi tí receiver yìí ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn quarterback kan kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jíjìnnà, àwọn mìíràn máa ń yára ju bọ́ọ̀lù sí running back, ẹni tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tó wà nítòsí tí wọ́n bá ti ń lé wọn. Ẹ wo ibi tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ní ẹgbẹ́ tó ti ń bọ̀.

Èyí tí mo bẹ̀rù ju quarterback tuntun lọ ni kí quarterback ẹni farapa. Ní 2023, Tyreek Hill gba yáàdì 1,799 ní Miami Dolphins. Ní 2024, quarterback rẹ̀, Tua Tagovailoa, fi orí gbá, kò sì lè gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó kan. Ọwọ́ Hill fúnra rẹ̀ náà ń dùn ún. Ó gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17, síbẹ̀ yáàdì 959 ló rí gbà. Kí ẹ tó na àǹfààní àkọ́kọ́ yín lórí receiver, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn quarterback rẹ̀ lórí àga ìfidípò.

Ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, ṣé ó tó gbẹ́kẹ̀ lé?

Àwọn kan tó o, àwọn kan kò tó o, ipò tí wọ́n ti mú wọn kì í sì í sọ gbogbo rẹ̀. Laquon Treadwell ni ẹni kẹtàlélógún nínú draft 2016. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló hán ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, yáàdì 15. Puka Nacua ni ẹni 177 ní 2023, ó sì hán 105 fún yáàdì 1,486 fún Los Angeles Rams, iye tí ọmọ tuntun kankan kò tíì dé rí nígbà yẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ target. Iṣan ẹ̀yìn itan ń yọ Cooper Kupp lẹ́nu, kò lè bẹ̀rẹ̀ sáà náà. Nacua ni Matthew Stafford rí níwájú rẹ̀. Ó hán 10 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó hán 15 lọ́sẹ̀ kejì. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì, kò sẹ́ni tó mú un nínú draft fantasy, ìgbà tí àwọn olùkópa ń yan agbábọ́ọ̀lù wọn. Ẹni tó bá tètè jí lọ́sẹ̀ yẹn ló kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Malik Nabers náà dé sí New York Giants ní 2024, ó bá ẹgbẹ́ tí kò ní receiver ńlá kankan. Ó hán 109, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kò gbádùn rárá. Ẹgbẹ́ tó ń pàdánù ṣáá kì í ṣe ìṣòro fún receiver. Tí wọ́n bá ti wà lẹ́yìn, bọ́ọ̀lù jíjù ló kù tí wọ́n lè fi lé ẹni iwájú bá.

Ọjọ́ orí àti ìfarapa, báwo ni mo ṣe ń wọn wọ́n?

Tí receiver bá ti lé ní 30, mo máa ń dín owó mi kù díẹ̀. Jerry Rice gba yáàdì 1,211 ní 2002 nígbà tó ti pé ẹni 40, ṣùgbọ́n Jerry Rice nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi òun ṣe ìdíwọ̀n.

Ní ti ìfarapa, ẹ ya oríṣi rẹ̀ sọ́tọ̀. Iṣan ẹ̀yìn itan máa ń san, àmọ́ ó máa ń padà wá tí wọ́n bá fi ìkánjú sáré lórí rẹ̀. Òun ló mú kí Jefferson gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 péré ní 2023. Ara rẹ̀ yá, ó gba yáàdì 1,533 ní 2024. Iṣan orúnkún tó já ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ àti ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wo ọjọ́ tó já, kí ẹ kà á síwájú dé oṣù Kẹsàn-án tí sáà ń bẹ̀rẹ̀. Kókósẹ̀ ni èmi kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Michael Thomas ti New Orleans Saints hán 149 ní 2019, kò sẹ́ni tó hán tó bẹ́ẹ̀ rí ní sáà kan. Ó fi kókósẹ̀ ṣèṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ 2020. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 ló gbá lọ́dún yẹn láì ní touchdown kan, kò sì gbá ìkankan ní gbogbo 2021.

Kupp náà, lẹ́yìn ọdún ńlá rẹ̀, kókósẹ̀ ló dá a dúró ní 2022 lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 9. Àwọn tó fi owó 2021 rà á ló sunkún. Nǹkan tó dé téńté lọ́dún kan ṣòro láti rà ní iye kan náà lọ́dún kejì, torí kò sí ibòmíràn tó lè lọ ju ìsàlẹ̀.

Ìgbà wo nínú draft ni kí n mú un?

Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe fantasy, Sleeper, ESPN tàbí Yahoo, ló máa ń fi ADP hàn, ìyẹn ipò tí àwọn ènìyàn sábà ń ti mú agbábọ́ọ̀lù kan. Ẹ fi ADP wé èrò tiyín. Tí ẹ bá rí i pé receiver kan dára ju ipò tí wọ́n ń mú un lọ, ẹ má mú un ní ìpele méjì ṣáájú àkókò. Ẹ dúró dé ìpele kan ṣáájú.

Draft tó wọ́pọ̀ jù máa ń yí padà bí ejò. Tí ẹ bá jẹ́ 12, ẹni tó mú ẹni àkọ́kọ́ kò tún ní mú mọ́ títí di ẹni kẹrìnlélógún, á sì mú méjì léra wọn. Ẹni tó wà ní òpin bẹ́ẹ̀ kò lè máa sọ pé "màá dúró dè é." Tó bá fẹ́ receiver náà, kó mú un báyìí.

Ọmọ wa ni. Ṣé kò yẹ kí n mú un?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí á wá. Orúkọ Olamide Zaccheaus máa ń mú orí ẹni wú. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hán nínú NFL, ní oṣù Kejìlá 2019 pẹ̀lú Atlanta Falcons, ó fi sáré yáàdì 93 wọ touchdown. Ta ni kò ní pariwo? Síbẹ̀, ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin ni wọ́n sábà ń lò ó sí, target rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti fi gbé líìgì ẹni 12.

Rome Odunze àti Emeka Egbuka, tí orúkọ wọn ń sọ pé Nàìjíríà ni ìran wọn ti ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Chicago Bears mú Odunze ní ipò 9 ní 2024, Tampa Bay mú Egbuka ní ipò 19 ní 2025. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n rà láti jẹ́ olórí. Ní ọdún àkọ́kọ́ Odunze, DJ Moore àti Keenan Allen ló ń bá a pín bọ́ọ̀lù, ó hán 54 fún yáàdì 734. Ìbéèrè tó yẹ lórí òun àti Egbuka kò yàtọ̀ sí ti Diggs. Ta ni wọ́n jọ wà níbẹ̀ ní sáà yìí, ta ló sì ń ju bọ́ọ̀lù? Tí ìdáhùn bá dára, ẹ mú wọn, kí ẹ sì pariwo bó ṣe wù yín.

Ìròyìn training camp, ìdánrawò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdánrawò oṣù Kẹjọ ńkọ́?

Ìyìn púpọ̀ ni, ẹ má gbà gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ní camp, kò sẹ́ni tí kì í "sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ." Ohun kan péré ni mo ń wá: àwọn wo ló ń bá quarterback àkọ́kọ́ jáde? Tí wọ́n bá jẹ́ kí receiver kan jókòó ní oṣù Kẹjọ pẹ̀lú àwọn olórí, ìròyìn ayọ̀ ni, torí wọn kò fẹ́ kó farapa. Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù rẹpẹtẹ ní ìdá kẹrin eré náà, àwọn tí wọ́n fẹ́ lé kúrò ló ń bá gbá.

Nàìjíríà ni mo wà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé receiver mi ń gbá lọ́jọ́ náà?

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó pọ̀ jù lọ́jọ́ Àìkú máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ nílé. Tí Amẹ́ríkà bá ti yí aago wọn padà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, ó di aago 7. Kútọnu bá Èkó dọ́gba. Ìṣẹ́jú 90 kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa ń kéde àwọn tí kò ní gbá, nítorí náà ẹ ṣí fóònù yín ní aago 4:30 (5:30 tí wọ́n bá ti yí aago padà), kí ẹ pààrọ̀ ẹni tó bá yẹ. Tí ẹ bá ṣì wà ní òde àríyá nígbà yẹn, ẹ yọjú wò ó.

Ti Ọjọ́bọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí aago 1:15 òru ọjọ́ Ẹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa (2:15 tí wọ́n bá ti yí aago padà). Tí wọ́n bá kọ "Questionable" sí receiver mi fún eré Ọjọ́bọ̀, ìyẹn pé kò dájú bóyá yóò gbá, mo sábà máa ń fi sílẹ̀ lórí àga kí n tó lọ sùn. "Doubtful" túmọ̀ sí pé kí ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó ti ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí receiver mi kò ṣe nǹkan kan. Ṣé kí n lé e?

Ẹ wo ohun méjì. Ìkíní, ìdá mélòó nínú eré ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi wà lórí pápá? Ìkejì, target mélòó ló ń kàn án? Tó bá ń wà lórí pápá fún bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, tó sì ń gba target 7 tàbí 8 lọ́sẹ̀, ẹ mú sùúrù. Ẹ tilẹ̀ lè lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ti sú. Tí target bá ti di 2 tàbí 3, tí ọmọ tuntun kan sì ń gba ipò rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ń dúró dè. Ẹ ju orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ sì béèrè fún ẹni tuntun, torí nínú ọ̀pọ̀ líìgì, òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń pín àwọn tí kò sẹ́ni tó mú.